Ẹja ni àbí àkàn: ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ omi ni

Ẹ béèrè ìdí tí a fi ń bi ẹni tó ti ìdí iṣẹ́ dé pé "Ẹja ni àbí àkàn?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìdáhùn àwọn tó ní ẹja ni ire, àkàn ni òfo. Ó máa ń bí mi nínú. Ta ló ń da àkàn nù ní Èkó? Ẹ dé ọjà Makoko kí ẹ ná àkàn tó sanra, ẹ ó rí i bóyá òfo ni. Lóòótọ́, "ẹja ni" la fi ń dáhùn lónìí bí nǹkan bá bọ́ sí i, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nǹkan nísàlẹ̀ omi tí kò rí i ni ìbéèrè yẹn bá mu. Omi ọ̀sà Èkó kì í mọ́ gaara. Láti Ìdó dé Ìwàyá, ẹrẹ̀ àti iyanrìn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ohun méjì ló sì mọ ìbora níbẹ̀ jù: abo, ìyẹn ẹja pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní "sole" lédè Gẹ̀ẹ́sì, àti àkàn.

Abo kì í ṣe ààbọ̀ ẹja báwọn kan ṣe ń wí. Nígbà tó bá jáde nínú ẹyin, ó dúró bí ẹja yòókù, ojú kan lọ́tùn-ún, ìkan lósì. Kó tó dàgbà ni ojú ọ̀tún á rọra gba orí kọjá wá bá ti òsì, ẹja náà á sì fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ yí i wò lórí igbá: òkè dú bí ẹrẹ̀, ìsàlẹ̀ funfun, ojú méjèèjì kéré, wọ́n fara mọ́ra, ẹnu wọ́. Lẹbẹ gba etí ara rẹ̀ títí dé ìrù. Lẹbẹ yìí ló ń jù, tí iyanrìn fi ń gbéra tó ń bọ́ sí i lára, ojú nìkan ló máa ń kù síta. Àwọ̀ rẹ̀ náà ń yí: lórí iyanrìn á mọ́ díẹ̀, nínú ẹrẹ̀ á dú. Kò ní àpò afẹ́fẹ́ tó ń gbé ẹja léfòó, ilẹ̀ ló ń gbé, tó ń dọdẹ edé, aràn inú ẹrẹ̀ àti ẹja wẹ́wẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀n fi gbọ́dọ̀ wọ́ nílẹ̀. Bí òjé tó ń fa ìsàlẹ̀ àwọ̀n wálẹ̀ bá fúyẹ́, àwọ̀n á gba orí abo kọjá, abo kò ní mira.

Àkàn ọ̀sà náà mọ iṣẹ́ yìí. Ẹsẹ̀ méjì ìkẹyìn rẹ̀ rí pẹlẹbẹ bí àjẹ̀. Ẹ̀yìn ló fi ń wọnú ẹrẹ̀, á wá yọ ojú síta.

Ẹni tó bá tẹ ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ kó tó nawọ́. Abo ń yọ̀: àtẹ́lẹwọ́ la fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ká tó dì í mú lẹ́yìn orí. Àkàn, ẹ̀yìn la ti ń mú un, láàárín ẹsẹ̀ méjì ìkẹyìn, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé. Ẹni tó bá di àkàn mú bí ẹja, ìka rẹ̀ ló máa jẹ́jọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè nìyẹn: kí ló wà lọ́wọ́ rẹ, ká mọ bá a ṣe máa mú un?



Èyí tó dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó tó ń pa òwe yìí, abo inú yìnyín nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọ́n ń gba orí afárá Third Mainland kọjá lójoojúmọ́, wọ́n ń wo ọkọ̀ tó ń fa iyanrìn nínú ọ̀sà, wọn ò sì mọ̀ pé iyanrìn yẹn ni abo fi ń bora.