Ẹ Bi Wá: Kí Ni William Dawson Fi Sílẹ̀ fún Àwọn Akọrin?

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin yunifásítì ni mí, ohùn báàsì ni mo ń kọ. Nínú àwọn ìwé orin tí olùdarí wa pín fún wa ní sáà yìí, orúkọ William L. Dawson wà lórí mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé ẹni tó kàn kó orin àwọn ẹrú Amẹ́ríkà jọ ni, pé kò fúnra rẹ̀ dá nǹkan kan ṣe. Ta ni ọkùnrin yìí, kí ló sì dé tí orúkọ rẹ̀ kò fi parẹ́ bíi ti ọ̀pọ̀ olùdarí mìíràn?

Ìdáhùn: Ìdajì òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yín sọ. Orin tí àwọn ẹrú àti àwọn ọmọ wọn ń kọ lóko òwú àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni gbòǹgbò púpọ̀ nínú iṣẹ́ Dawson, ṣùgbọ́n orin aláìlo dùrù tí ó wà lọ́wọ́ yín, níbi tí ohùn mẹ́rin ti ń pín sí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, tí ohùn ìsàlẹ̀ ń dún bí ìlù tí ti òkè sì ń gbé ọ̀rọ̀, kì í ṣe bí ó ṣe bá a nìyẹn. Ẹ wo èyí tí ó tẹ̀ jáde ní 1942 nípa kẹ̀kẹ́ tí wòlíì Ìsíkíẹ́lì rí: bí orin náà ṣe ń lọ sí òpin, àwọn ohùn kan yóò pa ọ̀rọ̀ tì, wọn yóò máa yí ìró kan náà po léraléra, nígbà tí àwọn yòókù ń bá orin lọ lórí wọn. Ẹni tí ó mọ ohun tí akọrin ọmọ ogún ọdún lè ṣe, tí ó sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, nìkan ló lè kọ irú rẹ̀.

Ìlú Anniston ní ìpínlẹ̀ Alabama ni wọ́n ti bí i ní 1899. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí ó sá kúrò nílé lọ sí Tuskegee, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Alabama tí Booker T. Washington dá sílẹ̀ ní 1881 tí ó sì tún ń darí nígbà náà. Iṣẹ́ oko ilé-ẹ̀kọ́ náà wà lára ohun tí ó fi san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì jáde ní 1921. Ní 1925 ó gboyè nínú orin ní Horner Institute of Fine Arts ní Kansas City. Wọ́n lu orin tí òun fúnra rẹ̀ kọ níbi ayẹyẹ ìgboyè náà, ṣùgbọ́n nítorí àwọ̀ ara rẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ó jókòó láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbọ̀ngàn ni ó ti gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó kọjá sí Chicago, ó gba oyè kejì ní 1927, ó sì ń fun trombone nínú ẹgbẹ́ olórin Civic Orchestra ìlú náà, kí Tuskegee tó pè é padà ní 1931 láti wá darí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin àti ẹgbẹ́ akọrin.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1932, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀, tí ó tó 100 ènìyàn, kọrin níbi ìṣíde gbọ̀ngàn Radio City Music Hall ní New York. Apá yìí ni wọ́n máa ń sọ jù nínú ìtàn rẹ̀. Ní tèmi, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé e wú mi lórí jù ú lọ: afunkàkàkí kan láti Oklahoma, Ralph Ellison, wá sí Tuskegee nítorí pé ó fẹ́ kọ́ orin lábẹ́ Dawson. Kò parí ẹ̀kọ́ náà, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ni ó sì dà, tí ó gba National Book Award, ẹ̀bùn ìwé ńlá ní Amẹ́ríkà, ní 1953. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó ṣì ń fi ìyìn sọ̀rọ̀ nípa Dawson.

Iṣẹ́ olùdarí akọrin yunifásítì le, nítorí pé ọdọọdún ni ohun tí ó ti kọ́ ń jáde mọ́ ọn lọ́wọ́. Tẹ́nọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ ibi tí ó yẹ kí òun ti mí, oyè á dé, ó di gbére. Ohun tí Dawson ṣe ni pé ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde, tí ó fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ akọrin tí kò gbọ́ ohùn Tuskegee rí lè gbé e dìde. Ìdí tí orúkọ rẹ̀ fi wà lórí ìwé yín nìyẹn, lérò tèmi.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òótọ́ ni pé Dawson kọ símfónì, ìyẹn orin gígùn fún ẹgbẹ́ olórin ńlá, pé ó sì wá sí ilẹ̀ Áfíríkà? Kí ló dé tí a kì í gbọ́ símfónì náà?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni méjèèjì. Olùdarí Leopold Stokowski àti ẹgbẹ́ olórin Philadelphia ni wọ́n kọ́kọ́ lu *Negro Folk Symphony* rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1934, lẹ́yìn tí ti àwọn aláwọ̀ dúdú méjì mìíràn ti jáde, ti William Grant Still ní 1931 àti ti Florence Price ní 1933. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un gan-an, lẹ́yìn náà ni àwọn ẹgbẹ́ olórin ńláńlá gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí pé ilẹ̀kùn wọn kì í ṣí fún aláwọ̀ dúdú lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1952 ó rìnrìn àjò wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó tẹ́tí sí ìlù àti orin ibí, ó sì padà lọ tún símfónì náà ṣe kí ìlù rẹ̀ lè túbọ̀ sún mọ́ ohun tí ó gbọ́. Ẹ̀dà tuntun yìí ni Stokowski gbà sórí àwo ní 1963. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ẹgbẹ́ olórin, títí kan Philadelphia fúnra rẹ̀, ti ń lù ú padà.

Kò kọ símfónì kejì. Ẹni tí ó ń darí ẹ̀ka ẹ̀kọ́, tí ó ń kọ́ akọrin, tí ó sì ń kó wọn rìnrìn àjò láti wá owó àti okìkí fún ilé-ẹ̀kọ́ fún nǹkan bí ọdún 25, ìgbà wo ni yóò jókòó ti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ó fi Tuskegee sílẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1950, àwọn akọrin ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ló ń pè é káàkiri. Ó kú ní 1990, ní ẹni 90 ọdún, àwọn ìwé rẹ̀ sì wà ní Yunifásítì Emory ní Atlanta.

Ìbéèrè: Olùdarí akọrin ni mí. Nínú ìwé orin Dawson, wọ́n kọ àwọn ọ̀rọ̀ kan bí àwọn ẹrú ṣe ń pè wọ́n, bí àpẹẹrẹ, “de” dípò “the”. Ṣé kí n tún wọn ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tún wọn ṣe. Ìró “d” yẹn wà lára ìlù orin náà, bí ẹ bá sì yọ ọ́, ohùn ìsàlẹ̀ yóò rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọn akọrin yín sọ ọ́ di àwàdà tàbí àfarawé. Kí wọ́n pè é ní ìwọ̀nba, kí gbogbo wọn sì pè é bákan náà. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ orin náà pọ̀ sí ìlù rẹ̀ láìkọ ọ́ lórin, títí ẹnu wọn yóò fi ṣọ̀kan, kí ẹ tó fún wọn ní ohùn.