Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Oṣù Kejìlá Àwọn Quaker Kì Í Ṣe Dìsẹ́ḿbà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, Amẹ́ríkà ni mo ti lọ́kọ. Baba ńlá ọkọ mi kan jẹ́ Quaker, ìyẹn ọmọ ìjọ Kristẹni kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣí lọ sí Pennsylvania ní Amẹ́ríkà láyé William Penn tó dá ibẹ̀ sílẹ̀, a sì ń wá baba tó fi sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ìsìnkú àwọn Quaker ní wọ́n sin baba náà ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá ọdún 1686, bẹ́ẹ̀ kóòtù ti fọwọ́ sí ìwé ìhágún rẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù Máàṣì 1686. Ẹnìkan tó ń gbowó wá ìtàn ìdílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọkùnrin méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ni, kí a san owó mìíràn kí òun lè wá èkejì. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ìyáàfin, ẹ má san owó kankan mọ́. Bí orúkọ abúlé, ìyàwó àti àwọn ọmọ bá dọ́gba nínú ìwé méjèèjì, ọkùnrin kan ṣoṣo ni. Wọ́n sin ín tán, ogún ọjọ́ lẹ́yìn náà ni kóòtù fọwọ́ sí ìwé ìhágún rẹ̀. Oṣù kejìlá tí ẹ rí nínú ìwé yẹn, Fẹ́búárì ni, kì í ṣe Dìsẹ́ḿbà.

Ó ń dùn mí pé àwọn ènìyàn ń fi irú àṣìṣe yìí gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Àwa Yorùbá ló sì rọrùn jù lọ fún láti ṣì í kà, nítorí pé oṣù kejìlá nínú ìwé ìròyìn tiwa kò ju Dìsẹ́ḿbà lọ. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso nígbà náà, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Máàṣì ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin, títí di ìgbà tí òfin yí i padà ní 1752. Máàṣì ni oṣù kìíní, Épírì ni oṣù kejì, bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe kà á títí Fẹ́búárì yóò fi di oṣù kejìlá. Orúkọ Òyìnbó gan-an jẹ́rìí sí i: October wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí mẹ́jọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù kẹwàá ni lónìí. Àwọn Quaker, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ọ̀rẹ́, kò fẹ́ fi orúkọ òrìṣà pe oṣù tàbí ọjọ́, Máàṣì sì wá láti inú orúkọ òrìṣà ogun àwọn ará Róòmù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo nọ́ńbà. Quaker tó bá gbọ́ Yorùbá kò ní í kọ oṣù Ògún sínú ìwé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé kan hàn yín. Ní Germantown, Pennsylvania, ọkùnrin mẹ́rin fọwọ́ sí ìwé kan ní ọdún 1688 láti lòdì sí ríra ènìyàn dúdú lẹ́rú. Méjì nínú wọn, Derick àti Abram op den Graeff, jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó wá láti Krefeld ní ilẹ̀ Jámánì ní 1683. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ló wà lórí ìwé náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti tipa bẹ́ẹ̀ kọ ọ́ pé Fẹ́búárì ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé kan náà, níbi tí ìpàdé oṣooṣù tó gbà á, ìyẹn ìpàdé tí àwọn Quaker àdúgbò fi ń bójú tó ọ̀rọ̀ ara wọn, ti kọ èsì tirẹ̀: ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kejì, 1688. Fẹ́búárì wo ló ní ọgbọ̀n ọjọ́ rí? Épírì ni. Ìpàdé oṣooṣù sọ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo ju òun lọ, ó tì í sí ìpàdé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ní oṣù kẹrin, èyí tí í ṣe Júùnù, àwọn yẹn náà tì í sí ìpàdé ọdọọdún ní Burlington ní oṣù keje, èyí tí í ṣe Sẹ̀tẹ́ḿbà.

Ní ti ọkùnrin tiyín, ọdún 1686 kò tíì parí nínú Fẹ́búárì àti ní ìbẹ̀rẹ̀ Máàṣì, nítorí náà 1687 ni àwa ń pe ọdún náà lónìí. Ẹ kọ ọ́ báyìí: 10 Fẹ́búárì 1686/7 àti 2 Máàṣì 1686/7. Kàlẹ́ńdà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà fi ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀yìn sí ti òde òní, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọjọ́ mẹ́wàá náà kún un kí wọ́n lè bára mu, ìdàrúdàpọ̀ ni yóò dá sílẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún ọjọ́ tó bá bọ́ sí àárín ìkíní sí ìkẹrìnlélógún oṣù kìíní, nítorí pé akọ̀wé mìíràn ń yí nọ́ńbà ọdún padà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà. Ojú ewé tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e ni yóò fi ìṣe akọ̀wé hàn yín. N kò rí ìwé tiyín fúnra rẹ̀, nítorí náà ohun tí ẹ kọ sí mi nìkan ni mo fi dáhùn. Ẹ wá àwòrán ojú ewé náà, ẹ má fi ti àdàkọ tí ẹlòmíràn tẹ̀ nìkan ṣe.

Àwọn Quaker kì í ṣe ìtẹ̀bọmi, nítorí náà ẹni tó bá mú ìwé ìtẹ̀bọmi ọmọ wọn wá, ẹ bi í ibi tó ti rí i, àfi bí wọ́n bá bí ọmọ náà kí òbí rẹ̀ tó di Quaker. Ohun tó yẹ kí ẹ wá ni ìwé ìṣípòpadà tí baba ńlá ọkọ yín gbà nígbà tó ń lọ sí Pennsylvania, èyí tí ìpàdé rẹ̀ fi jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Inú àkọsílẹ̀ ìpàdé oṣooṣù tó gbà á ní Pennsylvania ni ẹ ó ti rí i, ó sì máa ń sọ ìpàdé tó ti wá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Swarthmore àti Haverford, ní ẹ̀bá Philadelphia, ni ọ̀pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí wà. Tí ẹ bá rí i, ẹ kọ gbogbo orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i sílẹ̀, àti obìnrin àti ọkùnrin, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ìbátan rẹ̀ wà lára wọn.