Orí káńtà ni kó o ti bẹ̀rẹ̀

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. O ní wọ́n ní kó o dá àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ n'Ílọrin lẹ́kọ̀ọ́, o sì fẹ́ fi bí ará Amẹ́ríkà ṣe ń kojú oníbọn nínú ọgbà ilé ìwé bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà yẹn nídìí. Lẹ́yìn ìpakúpa Columbine lọ́dún 1999 ni wọ́n ti ń kọ́ ọlọ́pàá tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ pé kó má dúró níta, kó wọlé lọ bá oníbọn náà. Ó dáa kéèyàn mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé ọmọ Tanke tàbí Malete wá sí tésàn ni fóònù tí wọ́n já gbà, ilé tí wọ́n fọ́, ẹgbẹ́ òkùnkùn, ìfipábánilòpọ̀. Orí káńtà tésàn, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹjọ́, ni gbogbo rẹ̀ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń bàjẹ́.

Ọmọbìnrin kan wá lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ dì í mú. Ìborí rẹ̀ ti ya, ó ń fi ìka ká ibi tó ya sínú. Kọ́ńsítébù tó wà ní káńtà ò tiẹ̀ dìde. Ojú àwọn tó wá gba béèlì èèyàn wọn ló ti pariwo bi í pé, "Kí lo lọ ṣe nílé ọkùnrin?" Ọmọ náà ò fèsì, ó yí padà. Ojú títì ni mo lé wọn bá, mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó padà. Ọ̀rẹ́ tó dì í mú yẹn ló pè mí lẹ́yìn náà, nígbà táwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn fẹ́ dojú ìjà kọ ara wọn nítòsí ilé wọn. Ta ni ì bá pè ká ní wọ́n ti lọ?

Torí náà, ní kí wọ́n ṣe é bí eré: kí ẹnì kan wá fẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ sùn, kí ẹnì kan wà ní káńtà. Kí ẹni tó wà ní káńtà mú un wọ yàrá, kó pe ọlọ́pàá obìnrin, kó jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í. Kí wọ́n sọ fún un pé kó má tíì wẹ̀. Báàgì pépà ni kí wọ́n kó aṣọ rẹ̀ sí; ọ̀rinrin inú ọ̀rá máa ń ba ẹ̀rí jẹ́. Ilé ìwòsàn ló kàn, torí oògùn tó ń dènà HIV kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Sítétímẹ́ǹtì lè dúró.

Mímú èèyàn náà ńkọ́? Tí àwọn ọlọ́pàá ò bá bá ẹni tí wọ́n ń wá nílé, wọ́n á kó ẹni tí wọ́n jọ ń gbé. Òfin Ọlọ́pàá 2020 kọ̀ ọ́ pátápátá. Kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ́wọ́ ọmọ kì í ṣe ẹ̀rí pé yàhúù ló ń ṣe. Òfin ilẹ̀ wa sì ní níbi tí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni kí wọ́n fi gbé ẹni tí wọ́n mú dé iwájú adájọ́. Ilé ẹjọ́ ò wọ́n n'Ílọrin.

Pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ìwé síbẹ̀, sì pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gan-an, pàápàá àwọn ọmọbìnrin, kí wọ́n sọ ohun tójú wọn ti rí ní tésàn. Má jẹ́ kí DPO, ọ̀gá tésàn, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tó bá wà níbẹ̀, àwọn ọmọ náà ò ní lè lanu sọ̀rọ̀.