Bakitéríà ló yọ jíìnì yín, kì í ṣe ẹ́ńsáímù

Ẹ béèrè ìdí tí plasmid yín, òrùka DNA kékeré tí bakitéríà máa ń gbé, fi kéré ju bí ẹ ṣe ṣe é lọ lẹ́yìn tí ẹ gbìn ín sínú bakitéríà, àti bóyá ẹ́ńsáímù tí ẹ fi gé e ló ti bàjẹ́. Èmi náà di ẹ̀bi ru ẹ́ńsáímù nígbà tèmi, mo ra òmíràn, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣòfò kí ojú mi tó là.

Mo to ìlà DNA méjì tó jọra bí ìbejì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bí 600 lẹ́tà, sí ẹ̀gbẹ́ jíìnì mi lọ́tùn-ún lósì, tí àwọn méjèèjì sì kọjú sí ọ̀nà kan náà. Mo wá gbé e sínú BL21, irú bakitéríà E. coli kan, nítorí pé òun ló wà nínú fìríìsà lọ́jọ́ náà. BL21 ṣì ní RecA, purotéènì tó máa ń so DNA tó jọra pọ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Bí okùn DNA bá já, tàbí tí àlàfo bá wà lára rẹ̀, RecA a wé mọ́ ẹyọ okùn tó ṣí sílẹ̀, a sì máa fi í wá ibi tó jọ ọ́, bí ẹni tó ń wá ìkejì rẹ̀ láàárín ọjà. Nígbà tó bá rí i, okùn náà a wọ àárín èkejì, wọn a sì pàdé ní oríta kan tí Robin Holliday, onímọ̀ nípa jíìnì, ṣàpèjúwe ní ọdún 1964. RuvC, purotéènì bakitéríà mìíràn, ló máa ń gé oríta yìí, ibi tó bá sì gbà gé e ló ń pinnu bóyá àwọn ìlà náà yóò pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́. Tí ìbejì méjèèjì bá kọjú sí ọ̀nà kan náà lórí plasmid kan, ọ̀kan nínú wọn àti ohun tó wà láàárín wọn a já bọ́. Tí wọ́n bá kọjú síra wọn, ohun tó wà láàárín yóò kàn yí padà ni.

Nígbà tí mo wá ka lẹ́tà DNA náà, ìbejì kan ṣoṣo ló kù, odindi, láìsí lẹ́tà kan tó dín. Ẹ́ńsáímù tó bàjẹ́ a máa fi DNA sílẹ̀ láìgé ni, kì í yọ jíìnì mọ́ tónítóní bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbé e sínú Stbl3, irú E. coli mìíràn tí RecA rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, kí ẹ sì gbìn ín ní 30°C dípò 37°C. Ẹ má ṣe máa ṣa ìṣùpọ̀ bakitéríà tó tóbi jù lórí àwo, nítorí bakitéríà tí jíìnì ti bọ́ lára plasmid rẹ̀ sábà máa ń yára dàgbà. Nínú DH5α pàápàá, irú E. coli mìíràn tí òun náà kò ní RecA tó ń ṣiṣẹ́, mo ti rí ìbejì tó súnmọ́ra pẹ́kípẹ́kí tí wọ́n yọ ara wọn, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi ẹ́ńsáímù gé díẹ̀ nínú plasmid náà wò kí ẹ tó gbin púpọ̀.