Kí ni wọ́n ń fi àlòkù irin tí wọ́n ń kó wá sí Ògíjo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣe?

Wọ́n ń yọ́ ọ ni. Irin tí àwọn oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ń rà kiri ni àwọn ilé iṣẹ́ irin lágbègbè Ògíjo àti Ṣàgámù fi ń ṣe ọ̀pá irin tí a fi ń da dẹ́kìn. Ooru iná ìléru wọn a máa tó 1,600°C.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wáyà bàbà kúrò lára àlòkù irin kí ẹ tó tà á. Bí bàbà bá ti yọ́ mọ́ irin, ó ṣòro gan-an láti yọ ọ́ mọ́, irin náà á sì máa sán nígbà tí wọ́n bá ń fà á. Sílíńdà gáàsì tó ṣì dé pa ńkọ́? Ẹ má kó o mọ́ ọn rárá! Ó lè bú gbàmù nínú iná, kó sì pa òṣìṣẹ́. Bátìrì mọ́tò yàtọ̀ ní tiẹ̀: òjé ló wà nínú rẹ̀, májèlé sì ni.