Ẹ Bi Wá: Mílíìkì Láti Gáà Dé Iléeṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń ra mílíìkì lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní gáà láàárọ̀, mo sì ń gbé e lọ fún iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe yógọ́ọ̀tì n'Ífẹ̀. Wọ́n bu díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n da ọtí kan sí i, wọ́n ní kí n máa gbé e padà. Mo tọ́ ọ wò, kò kan. Kí ni wọ́n rí tí èmi ò rí? – Oníṣòwò, Ìsọ̀kun, Iléṣà

Ìdáhùn: Ó ti ń kan lọ, ahọ́n ni kò tíì mọ̀. Ọtí yẹn, sípíríìtì tí agbára rẹ̀ tó ìdá 68 sí 75 nínú 100 ni. Wọ́n á bu òun àti mílíìkì ní ìwọ̀n kan náà, wọ́n á gbọ̀n ọ́n pọ̀ nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́. Bí hóró funfun wínníwínní bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, kò ní lè fara da iná. Orí irin gbígbóná ẹ̀rọ ni yóò dì sí. Mílíìkì màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ àti ti èyí tí ọmú rẹ̀ wú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ bi àwọn onímàlúù léèrè.

Àmọ́ ẹ má di ẹ̀bi ru ọ̀nà. Iléṣà sí Ifẹ̀ ò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Gáà ló ti bàjẹ́. Mílíìkì ń jáde lọ́mú ní nǹkan bí 38°C, ooru tí kòkòrò àìfojúrí fẹ́ràn jù nìyẹn: láàárín 20 sí 30 ìṣẹ́jú, ọ̀kan ti di méjì. Wọ́n fún un lọ́mú màlúù laago mẹ́fà, ẹ dúró de gáà kejì, ọlọ́kadà tún pẹ́, aago mẹ́wàá ti lù. Láàárín wákàtí méjì tí wọ́n fún un, ó yẹ kó ti tutù dé 4°C.

Fírísà kọ́ ló máa gbà yín. Bí ẹ bá gbé 20 lítà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú rẹ̀, etí á tutù, àárín á ṣì máa gbóná fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Omi ló ń tètè fa ooru. Ẹ da omi àti yìnyín sínú ọpọ́n ńlá, ẹ gbé mílíìkì sí i, kí omi yẹn ga ju ibi tí mílíìkì dé lọ, kí ẹ sì máa fi ìgbákọ tó mọ́ rò ó lóòrèkóòrè. Àárín ni kí ẹ ki tẹmọ́mítà bọ̀. Ẹ má da ti àárọ̀ tó gbóná mọ́ ti àná tó ti tutù. Ńṣe ni ẹ ń jí kòkòrò tó sùn. Lọ́rí onítáńkì tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń lò gan-an, kò kàn jẹ́ kó gbóná ni. Èyí tó bá tutù wọ inú rẹ̀ ló ń tutù dé.

Kẹ́ẹ̀gì oníke tí ẹ bá fi ń gbé e nkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jù sílẹ̀. Ọwọ́ kì í wọ ẹnu rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń họ, ojú ibi tó họ yẹn ni kòkòrò ń gbé. Ẹ wá èyí tó lẹ́nu gbòòrò, ti alumíníọ̀mù tàbí irin tí kì í dógùn-ún. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣàn án. Bí omi gbígbóná bá ṣáájú, á sè é mọ́ ara irin. Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ àti omi gbígbóná, kí ẹ wá da ojú rẹ̀ dé kó gbẹ.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè ju yìnyín sínú mílíìkì náà kó lè tutù? – Ìyá Wàrà, Sábó

Ìdáhùn: Rárá, Ìyá. Yìnyín á yọ́ di omi, lákítómítà, ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ bí omi bá wọ mílíìkì, á sì tú u fó: 26 sí 32 ló yẹ kó kà ní 20°C, omi ló ń jẹ́ kó wálẹ̀.

Ìbéèrè: Mílíìkì tí mo rà kò kan, kò lómi, síbẹ̀ yógọ́ọ̀tì kọ̀, kò dì. – Oníyógọ́ọ̀tì, Ilé-Ifẹ̀

Ìdáhùn: Ẹ fura sí abẹ́rẹ́. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n gún fún màlúù ń bá mílíìkì jáde, ó sì ń pa irúgbìn yógọ́ọ̀tì, ìyẹn kòkòrò rere tó ń mú un dì; sísè kì í mú un kúrò. Iye ọjọ́ tí a ó fi da mílíìkì rẹ̀ nù wà lára ìgò oògùn. Kí ẹ tó lo gbogbo rẹ̀, ẹ se ife kan, ẹ jẹ́ kó tutù dé 43°C, ẹ fi irúgbìn sí i. Ẹ po mílíìkì oníyẹ̀fun sínú ife kejì, kí ẹ ṣe é bákan náà. Bí tìyẹ̀fun bá dì lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà tí ti màlúù tí ẹ rà ò dì, ẹ padà lọ bá ẹni tó tà á fún yín.