Ẹ má ní kí bàbá jókòó sílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn

Ẹ ní bí bàbá yín bá rìn díẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun wọn á máa lọ́ pọ̀ bí aṣọ tí a ń fún, tí wọ́n bá sì dúró, á lọ. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí wọ́n kúkú máa sinmi, àti ohun tí wọ́n lè máa jẹ. Ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ tèmi gan-an nìyẹn: ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹsẹ̀ ló há.

Ẹ kọ́kọ́ mú wọn lọ rí dókítà. Wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní apá àti ní ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n á wá fi ti apá pín ti ẹsẹ̀. Bí èsì bá ti kéré sí 0.90, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ti há nìyẹn. Bí bàbá bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti le lè mú kí èsì dára lójú lásán.

Ìrìn ló gbà mí. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń lọ sí pápá ilé ìwé ẹ̀yìn ilé wa, ó tẹ́jú, ó sì níbi tí èèyàn lè jókòó sí. Mo máa ń rìn títí yóò fi dùn mí dáadáa, màá wá dúró. Màá di irin géètì mú. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ le gbagidi, lẹ́yìn náà ni ooru á rọra sọ̀ kalẹ̀ dé ọmọ ìka. Ìrora náà lọ tán, mo tún gbéra. Níbẹ̀rẹ̀, ìdúró á pọ̀ ju ìrìn lọ, ẹ má jẹ́ kíyẹn tì yín lójú. Ìṣẹ́jú 30 sí 45, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ó kéré tán, fún oṣù 3, kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ẹran ẹsẹ̀ á kọ́ bí yóò ṣe lo ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó ń rí. Àmọ́ bí àyà bá ń dùn wọ́n lẹ́nu ìrìn, kí wọ́n dúró, kí dókítà gbọ́.

Bí wọ́n bá ń mu sìgá, àfi kí wọ́n jáwọ́. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ dúró lé wọn lórí. Kò sóúnjẹ tó lè tún ohun tí sìgá ń bàjẹ́ ṣe.

Ní ti oúnjẹ, dókítà ò ní kí n má jẹ àmàlà. Òkèlè dín kù, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú pọ̀ sí i. Ẹ̀wà ń wọlé déédéé, ẹja tútù bíbọ̀ rọ́pò ẹran ọlọ́ràá. Iyọ̀ àti mágí ló ṣòro jù fún ìyàwó mi láti dín kù, ṣùgbọ́n ata àti irú ń bò ó. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti kúrò nílé wa pátápátá.

Ẹ má fi omi gbígbóná tẹ ẹsẹ̀ náà o, ó lè bó láìmọ̀. Kí wọ́n wọ bàtà nínú ilé pàápàá, kí ẹ sì máa fi tọ́ọ̀ṣì yẹ àárín ọmọ ìka wò lálaalẹ́. Kí wọ́n má fi àgbo rọ́pò oògùn dókítà.

Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn wọ́n lóru títí wọn yóò fi gbé e sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tàbí tí egbò kọ̀ tí kò jinná, ẹ tètè padà sọ́dọ̀ dókítà. Bí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé tutù, tí kò mọ nǹkan lára mọ́ tàbí tó yí àwọ̀ padà, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.